Kóòtù Tí A Rán fún Géèmù

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Bàbá tó bí màámi ti ju bọ́ọ̀lù tí ọsibítù fún wọn láti máa tẹ̀ gba ojú fèrèsé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi jù ú o. Ọ̀tún ò lè di ṣíbí mú látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Ìyá Nàka — obìnrin ọsibítù tó ń wá na ìka wọn — ní tí ìka yẹn ò bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, yóò gan pátápátá. Télọ̀ sì ni Bàbá. Télọ̀ tí ìka rẹ̀ gan! Bàbá ní, “Ṣé ajá ni mí tí ẹ̀ ń gbé bọ́ọ̀lù fún?”

Ìṣẹ́gun, 5
Bàbá rí mi nídìí géèmù àfọwọ́dì mi, wọ́n ní kí n gbé e wá. Ó já bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú tíì. Mo kú lẹ́ẹ̀meje. Géèmù ò kú.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo gé sílípáàsì màámi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ géèmù kó lè ṣeé dì mú. Bàbá wò ó títí. “Ìranù wo nìyí? Mú téèpù wá, wọn èjìká rẹ̀.”
“Bàbá, géèmù ò ní èjìká.”
“Ojú rẹ ni ò là.”
(Màámi ń wá sílípáàsì. Èmi ò mọ nǹkan kan.)

Àbámẹ́ta, 9
Kóòtù géèmù ti dé! Bàbá ń pàṣẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń rán, abẹ́rẹ́ ń jẹ mí bí ẹ̀fọn. Fóòmù nínú. Rọ́bà ṣòkòtò tó di ọwọ́ wọn mọ́ ọn. Bọ́tìnnì kóòtù ńláńlá la lẹ̀ mọ́ orí ibi ìtẹ̀ kéékèèké, kí ìka tí ò lágbára lè rí i tẹ̀. Dandan, kó ní kọ́là! Géèmù mi múra ju ọ̀gá ilé ìwé wa lọ. Àmọ́ ìrán mi wọ́ bí ejò tó mutí.

Àìkú, 10
Bàbá ò jẹun. Wọ́n ń sá eré mọ́tò nínú géèmù, wọ́n ń bú dẹ́rẹ́bà tí kò sí láyé.

Ọjọ́rú, 13
Ìyá Nàka wá. Ọwọ́ Bàbá rọ bí àkísà tútù. Wọ́n ní, “Kò tí ì lágbára, ìyá.” Ìyá Nàka ní kí n fi géèmù sílẹ̀ fún wọn títí ọwọ́ á fi padà. Yéè!

Ẹtì, 15
Mo ti ilé ìwé dé: ẹnì kan ti tú gbogbo ìrán mi, ó tún un rán, ó gún régé. Màámi ò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Mo bi Bàbá.
“Eku ni.”
Eku! Eku tó mọ kọ́là rán!
Mo ní ẹ kú oríire, ọwọ́ ti padà, ẹ gbé géèmù mi. Mo tú rọ́bà, mo fà. Kò mì. Mo fẹsẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo fà bí ẹni fa mọ́tò nínú ẹrẹ̀. Ìka ọ̀tún Bàbá márààrún dì í mú gírígírí bí ẹ̀mú. Wọn ò tilẹ̀ wojú mi.
Màámi wọlé, ó rí ọwọ́ yẹn, ó bú sẹ́kún ayọ̀.
Èmi náà sunkún. Tèmi, lórí géèmù ni.