Àmì Tí O Kò Fi Sórí Ọkọ̀

Èyítáyọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ń bá iṣẹ́ lọ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ àdúgbò Ugbowó tí ò ń gbé. Àlàáfíà la wà níhìn-ín, àfi omi tó tún wọ ilé ìdáná àǹtí rẹ Adébùkọ́lá, ìyàrá ló ti ń dáná báyìí, ó ní kò sóhun tó burú.

Ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ sórí fóònù mi ni mo ń fèsì sí, orí ìwé ni mo sì kọ ọ́ sí, torí ìwé máa ń gba àmì ohùn. O kọ ọ́ pé, “Maami, won ti ri oko yin ninu omi. O wa ni musiomu wa, a n toju re.” Èyítáyọ̀! Láti ọjọ́ tí ìjì ti gbé bàbá rẹ lọ, ta ni kí n rò pé ò ń wí? Mo sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n ti rí ọkọ mi, pé ó wà ní ọsibítù kan tó ń jẹ́ Musíọ́mù. Mo sá ṣòkòtò rẹ̀ sóòrùn, mo ro púpurú, oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Ìgbà tí mo wo dígí ni ẹ̀rù bà mí, torí orí mi ṣì dúdú nígbà tó lọ.

Mo wá pè ọ́, o ní ojoojúmọ́ lẹ̀ ń wọ́n omi sí i lára, pé bó bá yára gbẹ yóò là, pé egungun ìhà rẹ̀ ti kán, pé ẹ ó máa fún un ní ìda mu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fi ìbínú pa fóònù. Dókítà wo ló ń fún èèyàn ní ìda mu! Tísà Jayéọlá aládùúgbò wa ló gbà á kà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní Màmá, ọkọ̀ tí Bàbá gbẹ́ fún yín ni, kì í ṣe ọkọ, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ni Musíọ́mù, ìda ni kì í sì í jẹ́ kí igi tó ti pẹ́ nínú omi là.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún.

Inú ọkọ̀ yẹn la ti ń gbé ẹja lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, ìwọ á sùn sẹ́sẹ̀ mi, bàbá rẹ á máa tukọ̀, á máa súfèé, èmi á máa bá a jà pé ẹni tó ń súfèé lójú omi ń pe ìjì. Ká ní ó ń súfèé títí dòní ni, n kò ní bá a jà mọ́.

Ọjọ́ wo lẹ máa dá ọkọ̀ náà sílẹ̀ ná? Tísà ní kò ní wọ omi mọ́, pé yóò jókòó, àwọn èèyàn á máa sanwó wò ó. Ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, èmi ṣì ń yan ẹja.

Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, kí o fi ti bàtà kún un. Wọ́n ní àlejò kì í fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀. Bá mi bẹ ọ̀gá rẹ. Bàbá rẹ fi ọ̀bẹ fín orúkọ mi sí imú ọkọ̀ yẹn. Kò ní sàréè tí mo lè lọ dúró tì, ibẹ̀ nìkan ni mo ní.

Iná kò ní jó ọ, omi kò ní gbé ọ lọ. Ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ, odindi ni yóò padà wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Títílayọ̀