Ìbọn Kan fún Ilé àti Pápá

Sátidé, ọjọ́ 2 oṣù kẹta

Wàhálà dé. Mo ti pápá ìdíje ìbọn dé lọ́sàn-án yìí, mò ń súfèé, àfi bí mo ṣe bá Ìjọba ní kíṣìnì tó di páànù ìdínran mú. Ìjọba — Noreen ìyàwó mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, mi ò tíì fẹ́ kú.

Ó ní ẹnì kan fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ irin gígùn yẹn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, torí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ tó ń ro ó kò jẹ́ kó lè yí èyí tó rí roboto mọ́. Kọ́kọ́rọ́ ló kó wa yọ. Ó ní onítọ̀hún ń mí gùlegùle. "Ọkùnrin àgbà tó sanra ni," ó ní. "Mo mọ bó ṣe ń dún. Mo fẹ́ ọ̀kan lọ́kọ."

Mo yẹ ẹ̀yìnkùlé wò. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ẹ̀. Kò sí ipasẹ̀ kankan.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 3

Ó ní bí ọkàn òun ò bá balẹ̀ nínú ilé yìí kí oṣù tó parí, òun ń lọ sọ́dọ̀ Lavelle àbúrò òun ní ìlú Tulsa. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí Lavelle ti ń fẹ́ kó wá. Yàrá wà níbẹ̀, ọgbà òdòdó wà. Bó bá lọ, kò ní padà. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má tan ara mi.

Túsìdé, ọjọ́ 5

Ẹ̀rù ń bà mí — inú mi sì tún ń dùn díẹ̀. Ọlọ́run má bínú.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń díje. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa sáré láti òpó dé òpó, wọ́n á máa yìnbọn wó àwo irin lulẹ̀ gbà-gbà-gbà. Èmi á dúró, màá máa ki ọta bọ̀ ọ́ ní méjì méjì bí ìyá arúgbó tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Níbi ìdíje tó kọjá, ọkùnrin tó di aago mú lẹ́yìn mi yán.

Mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo: ìbọn ọdẹ tuntun kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì. Kó ṣọ́ ilé, kó sì bá mi lọ sí pápá. Ó ní, ìbọn kan náà? Mo ní, kan náà ni. Ó wò mí títí, ó tún bu ẹ̀wà sí i.

Tọ́sìdé, ọjọ́ 7

Orval Hathcock wá, aládùúgbò mi tí ìbọn rẹ̀ pọ̀ ju ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Ó kó mẹ́ta wá, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì oúnjẹ. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn: o ò gbọdọ̀ ra ìbọn láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò ti wàásù fún ọ.

Ìwàásù Orval: kí n ra èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà sẹ́yìn, tí wọ́n ń tì síwájú, kí ọta tó wọlé. Ó ní "ṣàkà-ṣàkà" rẹ̀ nìkan ti tó, olè tó bá gbọ́ ọ á ṣu sára. Ìjọba ń fọ abọ́, kò wẹ̀yìn. Ó ní tó bá jẹ́ ariwo ló ń lé olè, kí la fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ó ní òun ti pariwo lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé, olè sì lọ.

Orval ní olè ò lè dẹ́rù ba òun. Ìbọn ń bẹ nínú ilé, Díákónì ń bẹ níta. Díákónì ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ tó ń lé ìkookò kúrò nídìí àgùntàn. Ó ní ẹranko náà gbọ́n jù mí lọ. Ìjọba ní ìyẹn ò ṣòro.

Fráìdé, ọjọ́ 8

Mo gé ọ̀pá omi oníke kan, gígùn rẹ̀ bí ìbọn tó wù mí gẹ́lẹ́. Mo gbé e léjìká, mò ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń yẹ igun wò. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Ṣòkòtò ìsùn. Mo yọ sí pálọ̀ — àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Bíbélì Ìjọba, gbogbo wọn, tàwọn ti ife kọfí. Kò sẹ́ni tó mira. Ìjọba ní kí wọ́n má dá mi lóhùn, pé mò ń dáàbò bò wọ́n ni.

Ọ̀pá yẹn gbá ògiri ṣáá. Ó gùn jù fún ilé wa. Mo mọ̀.

Sátidé, ọjọ́ 9

Mo ra èyí tó gùn.

Kí ni kí n ṣe? Ó ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń gba ọta púpọ̀, ó sì bá èjìká mi mu rẹ́gí. Mo sọ fún ara mi pé oníke máa ń gùn lójú ju irin lọ.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 10

Ìbọn tuntun ti gbá àwo tí ìyá Noreen fi sílẹ̀ bọ́ lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fọ́ yángá.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 11

A ò tíì sọ̀rọ̀.

Sátidé, ọjọ́ 16

Ọjọ́ ìdíje. Háà, mo yìn ín lónìí! Àwo irin ń wó, Orval ń hó lẹ́yìn mi, ẹni tó di aago mú ò ráyè yán. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mò ń borí. Ni fóònù bá gbọ̀n nínú àpò mi. Ó tún gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n. Noreen nìkan ló ń pè mí léraléra bẹ́ẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí n parí. Mo dúró. Mo tú ọta inú ìbọn, mo fi han onídàájọ́, mo gbé fóònù sétí. Ó ní ọwọ́ ilẹ̀kùn tún ń mì. Ó ní, "Verlon, ìbọn tó ń ṣọ́ ilé dà?"

Ọwọ́ mi ló wà.

Mo wo ìbọn, ìbọn wò mí. Ọjọ́ ìdíje náà ni olè kọ́kọ́ wá! Gbogbo bí mo ṣe ń gbé ọ̀pá oníke kiri bí òpè, kò wá sí mi lọ́kàn pé ìbọn kan ò lè wà níbi méjì. Mo ní kó pe ọlọ́pàá. Mo gbọ́ tó ń fa aṣọ fèrèsé. Ó ní kí n ṣáà máa bọ̀. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Onídàájọ́ fi òdo sí orúkọ mi, Orval ń pariwo pé ṣé orí mi dàrú ni.

Mo bá a ní kíṣìnì, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń gé ápù. Ó ní onítọ̀hún ti lọ. Ó bu kọfí fún mi. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo fi ìdíje sílẹ̀ láìparí, nígbà tí mò ń borí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ pa mí létí díẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Mi ò rántí ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ 20

Mo ta èyí tó gùn fún Orval. Ó dùn mí wọra.

Mo mú Ìjọba lọ síbi tí wọ́n ń ta ìbọn, mo ní kó fúnra rẹ̀ yan. Kò gbọ́ ìwàásù ẹnikẹ́ni. Ó dijú, ó gbé ìbọn léjìká, ó lajú. Tí ibi tí wọ́n ń gbà fojú sun nǹkan lórí ìbọn ò bá bọ́ síwájú ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní "ìyẹn kì í ṣe tèmi," ó gbé e kalẹ̀. Kúkurú kan ló mú, ọta rẹ̀ kéré, kì í tani nípàá. Ó yìn ín sí bébà láti ibi tó jìn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ṣe gùn. Gbogbo ọta náà bà sójú kan, kò fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ife lọ.

Ó ti ṣòfin: ìbọn yìí kì í jáde lọ síbi ìdíje kankan.

Sátidé, ọjọ́ 23

Kò sí ìdíje. A gbin àlùbọ́sà. Olè ò wá.

Tọ́sìdé, ọjọ́ 28

Orval ní òun á yá mi ní èyí tó gùn fún ìdíje Sátidé. Ìbọn mi! Mo ní mi ò lọ. Oṣù ń parí lọ, Ìjọba ò sì dárúkọ Tulsa. Mi ò jẹ́ bi í.

Sátidé, ọjọ́ 30

Ọkọ̀ Orval kọjá, ó fun fèrè. Mi ò jáde. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ sílẹ̀. Mímí gùlegùle. Yéè! Mo gbé ìbọn kúkurú, ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, ìka mi jìnnà sí ibi tí wọ́n ń fà. Mo kígbe pé ta nìyẹn. Ilẹ̀kùn ṣí — ẹnì kan ti ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀! Etí ló kọ́kọ́ wọlé. Etí gígùn. Imú tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, Díákónì tòun ti àyà.

Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀ nígbà tí Ìjọba gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, àwo ápù gígé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "O pẹ́ lónìí, Díákónì." Ẹranko náà gbé orí lé e léjìká.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọjọ́ tí mo fi ìdíje sílẹ̀. Òun yọjú lójú fèrèsé bí òun ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun sì rí etí. Ó ní tí Orval bá ti wa ọkọ̀ lọ sí pápá, ẹranko yìí á já ọgbà, á máa wá ilé tó léèyàn. Kì í fẹ́ dá wà. "Èmi náà mọ bó ṣe ń rí," ó ní.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi pápá sílẹ̀ nítorí òun, ó sì wu òun láti mọ̀ bóyá mo lè tún un ṣe.

Ojú tì mí. Mo tú ọta, mo ti ìbọn mọ́ àpótí irin, mo padà wá jókòó. Mo wá bi í nípa Tulsa. Ó ní ta ló fẹ́ máa gé ápù fún Díákónì?

Orval pè nígbà tó dé: ó ti ń wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ṣé mo rí i? Ṣé màá sì wá síbi ìdíje tó ń bọ̀? Mo ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà lọ́dọ̀ wa, ó kàn yà kí wa ni. Mo ní ní ti ìdíje, rárá o, ilé mi ò tíì láàbò tó. Ìjọba yára ti ẹnu bọ ife kọfí kí ẹ̀rín má bàa yọ.