Nígbà Tí Mùsíọ̀ Dé Ilé

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá 2025
Láti Àkúrẹ́, mo tún lọ sí Oǹdó lọ ka iṣẹ́ mi fún Kábíyèsí Yàrá—bàbá mi, tí kì í kọjá ìloro mọ́. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, etí rẹ̀ tó ṣì mú kò sì jẹ́ kí n sinmi ìwé kíkà. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni: ìtàn ayé ọkùnrin kan tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Faransé nígbà ogun Hitler. Mùsíọ̀—“Ọ̀gbẹ́ni” lédè Faransé—ni mo ń pè é. Àwọn Jámánì gba ìlú wọn, Mùsíọ̀ kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá lọ, ẹni tó burú jù lè bọ́ síbẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn. Ó ní ohun tí òun náà sọ nìyẹn.

Mo mọ̀. Lọ́dún 1994, tí gbogbo ayé ní kí àwọn kọmíṣánnà kúrò lẹ́yìn àwọn ológun, òun tó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìnáwó dúró tì wọ́n. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ó ń bá ṣójà jẹun. Ó bínú, kò padà síbẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ síbi Ìkórè tó ń bọ̀ yìí. "Ta ló ń dúró dè mí níbẹ̀?"

Ajé, 3
Kò síná ní Ìsìkàn, àdúgbò mi ní Àkúrẹ́. N kò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ka ẹjọ́ Mùsíọ̀ fún Bàbá lórí fóònù. Ogun parí, wọ́n dá a lẹ́bi—ẹ̀wọ̀n. Bàbá ní: "Ilé làbọ̀ sinmi oko, Wúràọlá. Nígbà tó délé ńkọ́?"

N kò mọ̀. Ojú tì mí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni iṣẹ́ mi parí sí, bí ẹni pé ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹtì, 14
Mo ti rí i! Ó padà sí erékùṣù kékeré tí wọ́n ti bí i. Àwọn ará ibẹ̀ dìbò yàn án ní olórí ìlú, ó sì pẹ́ lórí oyè. N kò rí ibi tí wọ́n ti ní ó jàre. Wọ́n kàn gbà á.

Àbámẹ́ta, 15
Oǹdó. Mo sọ fún Bàbá. Ó ní kí n bu omi wá. Mo gbé omi dé, ó ń béèrè bóyá agbádá rẹ̀ aláwọ̀ ewé ṣì wà nínú àpótí. Ọ̀la ni Ìkórè. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kẹ́gàn rẹ̀ ńkọ́?

Àìkú, 16
A lọ. Mo fà á lọ́wọ́ wọlé. Àwọn kan wò wá, wọ́n tún wo ibòmíràn. Bàbá Akíntóyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, sún fún un lórí àga.

Ó kan ẹgbẹ́ tí Bàbá àti Akíntóyè jọ wà láti jó síwájú pẹpẹ. Akọ̀wé ń pe orúkọ. Ìyàwó Akíntóyè ṣàlàyé àṣà wọn sí mi létí: ẹni tó bá wà láàyè tí kò wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a dáhùn, pé ó wà lọ́nà. Ọkọ òun kò tíì pa ti bàbá mi jẹ rí láti ọjọ́ tó ti lọ. N kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń pè é.

Akọ̀wé dé orí orúkọ Bàbá: "Ọlátúnjí Oríọlá."

Akíntóyè ti dìde: "Ó wà lọ́nà."

Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà yíjú wo Bàbá tó jókòó tì í, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde dúró.

"Mo ti dé."