Káàdì Tí Mo Fi Ní Kí Àlejò Lọ

Ìyá Ines, ìyàwó mi,

Ara mi le. Ọbẹ̀ àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n àwọn Jámánì yìí mọ́ gaara débi pé mo ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀, mo sì ti rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Gualtiero, ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ mi tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àìsàn, ló ń fi lẹ́tà yìí pamọ́ sínú bàtà bọ̀; àwọn tó ń yẹ lẹ́tà wa wò kò ní í kà á, nítorí náà mo lè sọ òótọ́.

Nínú káàdì tí mo kọ ṣáájú, mo ní kí o jẹ́ kí àlejò wa máa lọ, pé oúnjẹ kò ní í tó yín. Irọ́ ni. Mo ń jowú Rafo, ọmọ Júù tí ẹ fi pamọ́ kí àwọn Jámánì má baà rí i mú. Ìwọ lo kọ̀wé pé, "Bàbá Ines, àlejò wa fi okùn gé ọkà àgbàdo tí mo rò sórí pákó gún régé ju tìrẹ lọ! A rẹ́rìn-ín títí." Iṣẹ́ tèmi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, n kò sì rántí ìgbà tí mo pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Gualtiero ní, "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lò ń bá jowú? Àgbàyà!"

Jọ̀ọ́, má lé e. Bó bá sì ti lọ, wá a kí wọ́n tó rí i.

Kí Ines. Kí ìyá mi. Bá mi kí Rafo, bó bá ṣì wà nílé.

Olindo