Àbàwọ́n Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Ohun tí mo ná lẹ́yìn tí àwọn Ẹlẹ́ja lọ:
ọṣẹ lẹ́bú àti kànìnkàn, 850
ife gíláàsì méjì, 600
ojú gáàsì kan tó dí pa, 2,400
ẹni tó wá tú ihò síńkì, 1,500
aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, 1,900.
Àpapọ̀, 7,250. Owó ìdúró tí wọ́n fi sílẹ̀, 3,000. Àdánù mi, 4,250. Ó ku 16,300 nínú agolo.

Ọkùnrin márùn-ún. Wọ́n ní àwọn wá sinmi létí adágún, àmọ́ ẹja ni wọ́n ń dín láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Epo dé àjà. Mo gun àga, mo ń fọ àjà, mo ń bi ara mi léèrè ẹni tó fi ọ̀nà òkè han epo. Ilé mi ni mo ń fi háyà fún àwọn tó ń wá gbafẹ́. Àlejò ló ń dáná fún ara rẹ̀, òun náà ló yẹ kó fọ ìkòkò tó fi sè é. Èmi ń gbé yàrá ẹ̀yìn láti ọdún márùn-ún tí Bàbá Ilé, ọkọ mi, ti kú. Ẹnì kan ò nílò yàrá mẹ́ta, ṣùgbọ́n yàrá mẹ́ta lè bọ́ ẹnì kan.

Mo nu ògiri ilé ìdáná tán. Mo nù ún yí ọwọ́ Bàbá Ilé ká, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe nígbà ayé rẹ̀. Tó bá ti etí omi dé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé. Á fi ọwọ́ òsì ti ògiri, á fi ọ̀tún fa bàtà òjò yọ. Ojú kan náà, lójoojúmọ́, fún ọdún méjìlélógún. Mo bá a jà títí ó fi sú mi. Epo ẹ́ńjìnnì wọ inú ọ̀dà, ó dúdú, ó di ọwọ́ èèyàn lára ògiri. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wà. Àlejò kì í rí i.

Ìṣẹ́gun, 5

Mo kọ òfin tuntun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ilé yìí mọ́ nígbà tí ẹ wọ̀ ọ́. Kó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ń jáde. Owó ìdúró, 10,000, tí màá dá padà bí ilé bá mọ́. Àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan tí mo bá rí, ibi yòówù kó wà, 1,000.

Àbúrò mi obìnrin wá kí mi, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ wá gbà àbí ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Ẹ kúkú ní kí wọ́n máa fahọ́n lá a.”

Mo ní kó lọ fọ epo ẹja lára àjà ná, kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀ ahọ́n.

Ó ní òun ò ga tó.

Òótọ́ ni. Kúkurú bí àpótí ni.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ìkùukùu bo adágún di ọ̀sán. Bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ funfun bo àga inú ilé tí onílé rìnrìn àjò. Mi ò ná nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 9

Àlejò dé. Ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé — Tíṣà ni màá máa pè é níbí. Ìyá ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọwọ́ ló fi ń wá ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan àga, ó fọwọ́ kan tábìlì, ó fọwọ́ kan etí síńkì, bí ẹni ń kí mọ̀lẹ́bí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà ka òfin mi sókè fún un. Ìyá ní kó tún un kà.

“Ibi yòówù kó wà?”

“Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Màámi.”

“Kódà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?”

“Màámi, ibi yòówù ni.”

Wọ́n ka 10,000 fún mi. Owó wẹ́wẹ́, wọ́n ká a bí ẹní. Lẹ́yìn náà Tíṣà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, owó dókítà ojú Màámi ni owó yẹn, ọjọ́ Ajé, 25, ni wọ́n dá fún un, àwọn ò ní òmíràn. Mo ní tí ilé bá ti mọ́, kò sí ohun tó máa ṣe owó wọn. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbí.

Àìkú, 10

Mo sùn lọ́sàn-án. Mo gbọ́ omi lójú oorun, mo rò pé òjò ni, mo sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Oòrùn ń ràn yòò. Mo dúró pẹ̀lú aṣọ lápá, mi ò mọ ibi tí àlá parí sí. Omi náà ṣì ń dún, nínú ilé iwájú. Ìyá ló ń fọ nǹkan. Látòní, Ìyá Ọlọ́mi ni.

Ìṣẹ́gun, 12

Ìyá Ọlọ́mi kanlẹ̀kùn mi. Ó ní kí n yá òun ní kànìnkàn, tàwọn ti já tán. Láti ìgbà tí mo ti ń gba àlejò, wọ́n ti tọrọ iyọ̀, wọ́n ti tọrọ ìṣáná, ọkùnrin kan tiẹ̀ tọrọ àbúrò mi. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ kànìnkàn rí. Inú mi dùn. Mo fún un ní èyí tó le jù nínú àwọn tuntun. 120. Mi ò ní kà á sí wọn lọ́rùn.

Mo ní, “Màmá, ìsinmi lẹ wá o.”

Ó ní, “Ọmọ mi, kí ni mò ń ṣe yìí? Tí mo bá jókòó lásán nílé onílé, bí ẹni pé ògiri ń wò mí ni.”

Mo ní kí ni wọ́n ń fọ nínú ilé tí kò tíì dọ̀tí.

Ó ní, “Ohun tí mi ò rí ni. Èyí tí mo bá rí ò bà mí lẹ́rù.”

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo bá wọn jókòó létí adágún nírọ̀lẹ́. Ìyá Ọlọ́mi ti ẹsẹ̀ bọ omi títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò rí omi náà dáadáa, ó ní ìmọ́lẹ̀ kan ṣáá ló ń rí, tó ń mì, bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn aṣọ àrán lókèèrè. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo wò ó. Mo ti ń wo omi yìí ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Tíṣà sùn lọ sórí koríko, bàtà rẹ̀ kan ń léfòó lọ díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo lọ mú un. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rò ó pé bí ayé bá lè dúró lójú ìrọ̀lẹ́ yìí, mi ò ní béèrè iye tó jẹ́.

Àbámẹ́ta, 16

Wọ́n lọ ní òwúrọ̀. Mo ní màá yẹ ilé wò, màá fi owó ìdúró wọn ránṣẹ́ láti ilé ìfowópamọ́ tó bá di Ajé. Ìyá Ọlọ́mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Ẹ má ṣojú àánú.”

Mo wọlé. Ilé mọ́ débi pé mo bọ́ bàtà kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo orí fíríìjì. Mo fi ìka nu orí gílóòbù, ìka mi padà bó ṣe lọ. Wọ́n fọ ìdí ìkòkò, wọ́n fọ àtẹ́lẹsẹ̀ àga. Mò ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo ní òfin mi ti ṣiṣẹ́.

Mo wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Funfun. Funfun bí inú ẹyin. Mo fojú wá a lókè, mo fojú wá a nísàlẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ lè sún kúrò níbi tó wà. Mo fimú kan ògiri. Òórùn ọṣẹ ni mo gbọ́. Ọṣẹ mi.

Àìkú, 17

Ilé mọ́.

Ajé, 18

Mi ò lọ sí ilé ìfowópamọ́.

Àbúrò mi wá. Ó bá mi lórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wo ògiri, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ dá owó wọn padà, Àǹtí mi.”

Mo ní ohun tí wọ́n mú lọ ńkọ́?

“Ta ló ní kí wọ́n mú un? Ibi yòówù kó wà. Ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́.”

Mo ní wọ́n ì bá bi mí.

“Kí wọ́n bi yín pé kí ni? Pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìdọ̀tí yìí, ìdọ̀tí ni?”

Mo lé e lọ sílé. Mo mú bírò. Àbàwọ́n kan, 1,000. Ó dáa. Mo wá ń wá iye tí màá kọ fún àbàwọ́n tí kò sí mọ́. Mo kọ 1,000, mo fagi lé e. Mo kọ 5,000. Mo kọ 10,000. Kò sí èyí tó jọ ọ́.

Ọjọ́rú, 20

Tíṣà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. *Ẹ kú ìsinmi mà. Ṣé ẹ rí àbàwọ́n ni? Màámi ń béèrè. Ẹ sọ iye rẹ̀ fún wa, kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́.* Mi ò fèsì. Mo ka owó wọn, 10,000. Mo tún ká a bí wọ́n ṣe ká a.

Ẹtì, 22

Oorun ọ̀sán. Bàbá Ilé ti etí omi dé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lórí ẹsẹ̀ kan, bàtà òjò kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa fọwọ́ tì. Mo ní ibẹ̀ nìyẹn, fọwọ́ tì í. Ó ní, “Kò ní dọ̀tí?” Ó dúró sórí ẹsẹ̀ kan yẹn, bí ẹyẹ etí odò, ó ń rọra mì, kò sì ṣubú. Mo jí. Ẹsẹ̀ mi ló ń ro mí.

Àìkú, 24

Tíṣà pè. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀la ni dókítà. Mi ò tíì dáhùn tí ìyá rẹ̀ fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé ti ọwọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni? Ṣé kò tán?”

Mo ní ó tán.

Ó ní, “Ọwọ́ ọkùnrin ni. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni mo ti mọ̀. Mo gbé tèmi lé e, ó gba tèmi, ó tún ṣẹ́kù. Mo ní ká fi í sílẹ̀, ọmọ mi ní Màámi, ẹgbẹ̀rún kan ni. Mo wá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn. Mo ní bàbá, ẹ má bínú, òfin ilé ni.”

Ó ní ṣé mo ṣì wà níbẹ̀. Mo ní mo wà.

“Kí ló ṣe ìka wọn?”

Mo ní ìka wo.

“Ìka tó kéré jù. Àwọn mẹ́rin tó kù fẹ̀, epo wọn nípọn lábẹ́ ọwọ́ mi. Èyí tó kéré yẹn, orí rẹ̀ ṣóńṣó ló kan ògiri. Bí ẹni pé ó ká.”

Ó ká. Okùn ẹ́ńjìnnì ló fà á, kí a tó fẹ́ra. Kò lè nà án títí ó fi kú. Ìka yẹn ló máa ń fi gbé ife tíì. Mo ti gbàgbé. Ọdún márùn-ún ni mo fi nu ògiri yí i ká, mi ò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sọ fún un nípa okùn ẹ́ńjìnnì. Mo sọ ti ife tíì. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.” Ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ. Mo ń sọ ọ́ lọ títí owó inú fóònù wọn fi tán.

Ilé ìfowópamọ́ ò ṣí lónìí, tọ̀la á sì ti pẹ́ jù fún wọn. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń kúrò ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa retí mi lẹ́nu ọ̀nà dókítà.

Owó mọ́tò, àlọ àti àbọ̀, 1,400. Tèmi ni.
Owó omi tí wọ́n lò, kò sí.
Àbàwọ́n, kò sí.
Mo jẹ Ìyá Ọlọ́mi ní 10,000. Mi ò tíì san án.