Gbogbo Ibi Tí Mo Dúró Sí Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Sin Bàbá Mi

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó opó, ẹ kú ìfaradà. Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀, bí inú mi tilẹ̀ bàjẹ́. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n di olórí ilé báyìí. Mo kí ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ, mo kí Àlùfáà àdúgbò tó wẹ bàbá mi. Ṣé ẹ̀ ń jẹun? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀?

Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé síta. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá pe fóònù yín, Bọ̀ọ̀dá ni wọ́n ń gbé e, wọ́n á ní ẹ̀ ń sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, kí ẹlòmíràn tó mọ̀wé lè kà á fún yín. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Tí eléyìí bá bà yín, ẹ má bínú. Ẹ̀yin gan-an ni mo sọ ọ́ sí.

Níbí, iṣẹ́ ń lọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ wọlé, aṣọ wọn sì ti kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsí dé àjà. Òjò Kétu ti bẹ̀rẹ̀, gọ́tà iwájú ilé ti kún, orí búlọ́ọ̀kù ni àwa ayálégbé ń fò wọlé. Owó ń wọlé díẹ̀, ó ń jáde púpọ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkọ̀ iṣu tó ń ti Òkè-Ògùn bọ̀ máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí Mile 12 láràárọ̀, mi ò sì lè wo ojú dẹ́rẹ́bà kankan mọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wà títí ojú wọn fi ṣú. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ hóònù, abẹ́rẹ́ á gún mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ kékeré mi, tí mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, Bàbá rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní obìnrin tó máa wakọ̀ láti Kétu dé Ṣakí, àfi kí ojú àwọn rí i. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá wọ ìlú, àwọn á dúró létí títì, kí gbogbo àdúgbò lè mọ ẹni tó bí dẹ́rẹ́bà. Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ la fi ń to ìrìn náà pọ̀. Wọ́n ní ọ̀nà yẹn kì í ṣe èyí tí a ń sáré gbà, kí n fún un ní odidi ọjọ́ kan. Wọ́n ń pe ibùdúró kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Ní Ògèrè, kí n yẹ omi ọkọ̀ wò, kí n fọwọ́ kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n má sì ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Tí mo bá dé Ìbàdàn, kí n yà gba Mọníyà, kí n dúró lẹ́yìn Ìjàyè, níbi tí ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́ nígbà kan rí, tí ìyá kan tó ń sun iṣu bọ́ wọn fún ọjọ́ méjì. Ní Ìsẹ́yìn, kí n kí Bàbá Sàlámì, ọ̀rẹ́ wọn tó ń hun òfì. Tí Ṣakí bá wá ku díẹ̀, kí n dúró lórí òkè, kí n bọ́jú, kí n wé gèlè mi dáadáa, kí n wá pe àwọn pé mo ti dé. Èmi tí mo ti gbé Kétu fún ọdún mọ́kànlá, tó jẹ́ pé onílé nìkan ló ń béèrè mi, inú mi dùn pé ẹnì kan ń dúró dè mí.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, aago mẹ́fà ni mo kúrò ní Kétu. Láti Ògèrè mo pe fóònù Bàbá. Bọ̀ọ̀dá ló gbé e. Wọ́n ní Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni, wọ́n ní kí n má kánjú rárá, kí n rí i pé mo dúró ní gbogbo ibi tí Bàbá sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màámi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn! Lásìkò yẹn, ẹ ti fi aṣọ bo bàbá mi lójú.

Lẹ́yìn Ìjàyè, mo wá ìyá oníṣu náà kàn. Ìyá ti dolóògbé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó ti iná báyìí. Ó ní ìyá òun kì í yé sọ ìtàn awakọ̀ kan tó sùn sẹ́yìnkùlé àwọn. Ó sun iṣu fún mi, ó bu epo sí i, ó kọ̀ kò gba owó. A ya fọ́tò pọ̀, mo di iṣu mú, gbogbo eyín mi wà níta. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n fi han Bàbá. Àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Omi tí wọ́n máa fi wẹ Bàbá ni wọ́n ń pọn lọ́wọ́ nígbà náà. Àtàǹpàkò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi.

Nígbà tí mo fi máa dé Ìsẹ́yìn, Bàbá Sàlámì ti gbọ́. Bọ̀ọ̀dá ti pè wọ́n láàárọ̀ pé kí wọ́n dá mi dúró díẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé mi wálé, kí n má baà dá wà nígbà tí mo bá rí ohun tí mo máa rí. Èmi ò mọ̀. Mo kàn rí i pé bàbá àgbà yìí ò wò mí lójú. Wọ́n ń fi òfì hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣàlàyé òwú fún èmi tí mo jẹ́ aránṣọ. Ìyàwó wọn gúnyán. Mo ní mo ti yó, wọ́n ní ta ló ń kọ oúnjẹ nílé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Wákàtí méjì gbáko ni mo lò níbẹ̀. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, wákàtí méjì náà ni. Ẹ̀yìn ìrun àyìlá ni wọ́n tó gbé bàbá mi kúrò nílé, Màámi. Wọ́n ṣì wà nínú yàrá yín nígbà tí mo ń bu òkèlè iyán yẹn.

Nígbà tí mo dìde, Bàbá Sàlámì ní àwọn á bá mi lọ, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti fojú kan ọ̀rẹ́ àwọn. Inú mi dùn. Mo sọ ìtàn Bàbá fún wọn títí, mo ń rẹ́rìn-ín. Lórí òkè, mo dúró bí Bàbá ṣe wí. Mo bọ́jú, mo lé tìróò, mo wé gèlè olómi wúrà. Bàbá Sàlámì jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi etí agbádá nu ojú, wọ́n ní eruku ni. Mo pe Bàbá, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní bóyá wọ́n ti jáde sí títì.

Mo tẹ hóònù wọ àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mẹta, bí àwọn dẹ́rẹ́bà iṣu ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó jókòó sórí ẹní ló yíjú sí mi, èmi onígèlè wúrà, èmi onítìróò. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ dì mí mú níbàdí, ẹ ní mo kú ìrìn, ẹ ní kí n wọlé wá mu omi. Obìnrin kan ń bá mi tú gèlè lórí. Ojú yẹn ń tì mí di òní.

Bọ̀ọ̀dá ní nítorí ẹ̀mí mi ni. Wọ́n ní wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà, pé obìnrin tó ń dá wakọ̀ lè já sí kòtò. Wọ́n ní à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Mo gbà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi ní Ògèrè, mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ì bá ṣe. Àmọ́ gbogbo ilé Yorùbá ló mọ irọ́ tí wọ́n ń pa nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ara Bàbá ò yá díẹ̀, kí ọmọ máa bọ̀. Irọ́ yẹn ni mo fẹ́! Irọ́ yẹn ì bá mú mi fo Ìjàyè, ì bá mú mi fo Ìsẹ́yìn, ǹ bá sì bá wọn kí wọ́n tó di aṣọ funfun mọ́ wọn lórí. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í tẹ̀ lé òkú dé ibojì. Ojú wọn ni mo fẹ́ rí. Ọ̀nà tí bàbá mi fẹ̀sọ̀ là sílẹ̀ fún mi ni ọmọ wọn ọkùnrin fi dá mi dúró. Inú mi ò tíì yọ́ sí Bọ̀ọ̀dá, mi ò sì ní purọ́ pé ó ti yọ́.

Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi pé àdúà ogójì ọjọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí n máa bọ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dè mí mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo yín ní mo kú ìrìn, ẹ ní pẹ̀lẹ́, ẹ ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn oníbàárà mi ní ẹ̀yìn bàbá á dára. Gbogbo ayé ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti gbọ́. Títí di òní, Màámi, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó la ẹnu sọ ọ́ fún mi.

Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá, kí ẹ pè mí fúnra yín. Ẹ sọ fún mi pé bàbá mi ti kú. Ẹ sọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ sọ ohun tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn, ẹ sọ bóyá wọ́n béèrè pé ibo ni mo dé. Ẹ má bẹ̀rù. Mi ò sí lójú ọ̀nà mọ́, mo ti jókòó sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run forí ji Bàbá, kí ó fi àlùjánnà ṣe ilé fún wọn. Kí ẹ pẹ́ fún wa, kí ara yín le. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ilé kejì, ẹ kí Bàbá Sàlámì tí wọ́n bá yà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n jẹ́. Ẹ kí Bọ̀ọ̀dá náà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ìpè yín,
Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́,
Kétu, Èkó.