Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Èsì

Òṣogbo, Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹta, 1973

Olùkọ́ yunifásítì tó ń fi ìwé ìbéèrè wádìí ìwà àwa òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé mú èsì rẹ̀ wá lónìí. Ó ti bi oníkálukú wa pé, ta lo fẹ́ kí ẹ jọ máa ṣiṣẹ́?

Nínú àwa méjìlá, ẹni mẹ́sàn-án kọ orúkọ Rábíù. Kò sẹ́ni tó kọ tèmi ọ̀gá wọn.

Rábíù yìí ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka wa ní Iléṣà, torí pé ó lọ́ra; ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì mi.

Mo pè é, mo bi í pé kí ló ń ṣe fún wọn.

"Tí wọ́n bá ṣàṣìṣe, ọ̀gá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. A ó sì jọ tún un tò kí ẹ tó rí i."

"Èé ṣe tí wọn kì í gbé e wá bá mi?"

"Ẹ̀rù yín ń bà wọ́n, sà."

Mi ò bínú. Mo fa ìwé Iléṣà náà ya.

Nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́, Àdùkẹ́ tó ń di ìwé mú ìwé kan tó dì sódì wá sọ́dọ̀ Rábíù. Ó rí mi níbẹ̀, ó sì fi í pamọ́ sẹ́yìn.